Ṣé dandan ni kí àbúrò mi dá oníròyìn lóhùn lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 21, ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun ní Bẹ́ljíọ̀m. Ọwọ́ iwájú ló ń gbá. Lọ́jọ́ kan, ó gbá pẹ́náritì kọjá lókè òpó, wọ́n sì pàdánù. Bó ṣe ń jáde nínú pápá ni wọ́n gbé máìkì sí i lẹ́nu. Ó fèsì, àmọ́ òyìnbó rẹ̀ ò já gaara, fídíò náà sì ti dé Nàìjíríà kílẹ̀ tó mọ́. Àwọn èèyàn wa níbí fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wa. Láti ìgbà náà, bí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bá ku ọ̀la, kì í rí oorun sùn. Ó máa ń bì nínú ilé ìwẹ̀ kí wọ́n tó wọ pápá. Ó ní bọ́ọ̀lù kọ́ ló ń ba òun lẹ́rù, àwọn tó ń dúró dè òun pẹ̀lú kámẹ́rà ni.

Ní báyìí, ó ní òun máa kọ ọ́ sórí Instagram pé òun ò ní bá oníròyìn kankan sọ̀rọ̀ mọ́, bí Naomi Osaka, ọmọ Japan tó ń gbá tẹ́níìsì, ti ṣe. Éjẹ́ǹtì rẹ̀ ní kó má dán an wò, pé wọ́n á bu owó ìtanràn fún un, kílọ́ọ̀bù ò sì ní tún ìwé àdéhùn rẹ̀ ṣe. Màmá wa ní iṣẹ́ ayé ni, wọ́n ti ń gbààwẹ̀, wọ́n sì fẹ́ fi àgbo ránṣẹ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òfin lè fi dandan mú un? Ṣé àìsàn lèyí ni, àbí ojú ló ń tì í? Kí ni àwa tí a wà nílé lè ṣe?

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Arábìnrin mi, ẹ kú ìdúrótì àbúrò yín. Ohun tó kọ́kọ́ wù mí nínú lẹ́tà yín ni pé ó ṣì ń sọ tinú rẹ̀ fún yín. Ohun ńlá nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn eléré ìdárayá tí mò ń tọ́jú ò rí ẹni tí wọ́n lè sọ ọ́ fún títí ó fi wọ̀ wọ́n lára.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ Instagram, torí òun ni kò ṣeé fi falẹ̀. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó dáwọ́ dúró ná. Kì í ṣe pé ohun tó fẹ́ sọ burú. Àmọ́ ẹni tó bá kéde fún gbogbo ayé kó tó sọ fún dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ ìlera di ọ̀rọ̀ ìjà, àwọn oníròyìn tó ń sá fún á sì wá máa wá a ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Osaka gan-an nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé òun ni àbúrò yín fẹ́ fi ṣe àwòkọ́ṣe, ó yẹ kó mọ ìtàn náà délẹ̀.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, nígbà tí ìdíje tẹ́níìsì Roland Garros ní Paris kù dẹ̀dẹ̀, Osaka kọ ọ́ sórí ayélujára pé òun ò ní jókòó síwájú àwọn oníròyìn nínú ìdíje náà. Òun ló wà nípò kejì lágbàáyé nígbà yẹn. Ó ti gba ife ńlá mẹ́rin: US Open ti 2018 àti 2020, Australian Open ti 2019 àti 2021. Àmọ́ lórí ilẹ̀ amọ̀ pupa ti Paris, kò tíì kọjá ìpele kẹta rí. Ó ní àwọn oníròyìn máa ń bi àwọn ní ìbéèrè tó ń gbin iyèméjì síni lọ́kàn, àti pé àwọn tó ń ṣètò ìdíje ò ro ti ìlera ọpọlọ àwọn eléré ìdárayá. Ó mọ̀ pé wọ́n á bu owó ìtanràn fún òun. Ó tiẹ̀ ní òun fẹ́ kí wọ́n fi owó náà ta àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìlera ọpọlọ lọ́rẹ.

Ó borí nínú ìfigagbága àkọ́kọ́ lọ́jọ́ 30 oṣù náà, kò sì lọ síbi ìpàdé àwọn oníròyìn. Wọ́n bu 15,000 dọ́là fún un. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, àwọn aláṣẹ ìdíje ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ti Melbourne, Paris, Lọ́ńdọ̀nù àti New York, pawọ́ pọ̀ kọ̀wé síta pé bó bá ń bá a lọ báyẹn, wọ́n lè lé e kúrò nínú ìdíje, ọ̀rọ̀ náà sì lè kan àwọn ìdíje tó ń bọ̀ níwájú. Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó yọwọ́. Inú ìwé tó fi yọwọ́ yẹn ló ti wá sọ pé láti US Open ọdún 2018 ni ìsoríkọ́ ti ń bá òun fínra, bó bá dé, kì í tètè lọ, àti pé ara òun kì í balẹ̀ rárá kí òun tó bá àwọn oníròyìn àgbáyé sọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ gbà níbẹ̀ pé àsìkò tí òun yàn kò dára tó, àti pé ọ̀rọ̀ òun ì bá ti ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo bí ó ṣe tẹ̀ léra: ìkéde ló ṣáájú, ìyà ló tẹ̀ lé e, àìsàn ló wá kẹ́yìn. Ìgbà tí ayé fi mọ̀ pé ara rẹ̀ ò yá, wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ náà ya, àwọn kan ti pè é ní agbéraga. Mi ò dá a lẹ́bi o. Ìwé òfin àwọn ìdíje ńlá tẹ́níìsì nígbà yẹn sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó gbá a gbọ́dọ̀ yọjú sí àwọn oníròyìn, ì báà borí, ì báà pàdánù, àfi bó bá fara pa tí kò sì lè dé ibẹ̀. Owó ìtanràn rẹ̀ nígbà náà lè tó 20,000 dọ́là. Orúnkún tó yẹ̀ lè gbani sílẹ̀ lábẹ́ òfin yẹn. Ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì ò sí níbẹ̀. Láti ọdún yẹn ni ojú púpọ̀ ti là sí i. Nígbà tí US Open ti 2021 fi máa bẹ̀rẹ̀, àwọn aláṣẹ rẹ̀ ti ṣètò àwọn onímọ̀ ìlera ọpọlọ àti iyàrá ìdákẹ́jẹ́ fún àwọn olùdíje. Ìjà tí obìnrin yẹn jà ló so èso yìí, ó sì dùn mí pé ara rẹ̀ ló fi san án.

Bọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí tẹ́níìsì, ìyàtọ̀ náà sì máa ran àbúrò yín lọ́wọ́. Nínú tẹ́níìsì, ẹnì kan ló gbá a, ẹnì kan náà ló gbọ́dọ̀ wá sọ̀rọ̀. Nínú bọ́ọ̀lù, ọrùn kílọ́ọ̀bù ni ẹrù náà sábà máa ń wà. Àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó sanwó kí wọ́n lè gbé líìgì sáfẹ́fẹ́ ti bá àwọn aláṣẹ líìgì ṣàdéhùn pé akọ́nimọ̀ọ́gbá àti àwọn agbábọ́ọ̀lù kan máa yọjú síwájú kámẹ́rà wọn. Àwọn onígbọ̀wọ́ tí orúkọ wọn wà lára pátákó tí wọ́n máa ń dúró sí iwájú rẹ̀ náà ń retí rẹ̀. Nínú ìdíje UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù, akọ́nimọ̀ọ́gbá àti agbábọ́ọ̀lù kan ló ń jókòó síwájú oníròyìn lọ́jọ́ tó ṣáájú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Ohun tí òfin ń fẹ́ ni kí ẹgbẹ́ mú ẹnì kan wá, kì í sì í sábà sọ pé lágbájá ni dandan. Ẹgbẹ́ tó ní agbábọ́ọ̀lù tó lé ní ogún lè rán ẹlòmíì jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ará ìta má sì mọ ìdí rẹ̀.

Ibi tí ẹ ti ní láti ṣọ́ra ni ìwé àdéhùn tirẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó ní kó máa kópa nínú iṣẹ́ ìròyìn àti ti àwọn onígbọ̀wọ́ ẹgbẹ́. Bó bá kàn dìde lọ́jọ́ kan tó ní òun ò ṣe mọ́ láéláé, kílọ́ọ̀bù lè sọ pé ó rú àdéhùn. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá sọ pé kí wọ́n yọ ọ́ sílẹ̀ fún ìgbà kan nítorí ìlera rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn pátápátá. Ìtọ́jú ni wọ́n ń pè é nígbà náà, wọn ò lè pè é ní àfojúdi.

Àwọn owó ìtanràn tí éjẹ́ǹtì rẹ̀ fi ń dẹ́rù bà á, mo fura pé láti Amẹ́ríkà ló ti gbọ́ wọn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, líìgì bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà bu 100,000 dọ́là fún Marshawn Lynch torí pé kò bá oníròyìn sọ̀rọ̀. Nígbà tó wá di oṣù Kìíní 2015, kí Super Bowl, àṣekágbá líìgì náà, tó wáyé, ó lọ jókòó síwájú wọn lóòótọ́, àmọ́ èsì kan ṣoṣo ló ń fún wọn léraléra, pé torí kí wọ́n má baà bu owó ìtanràn fún òun ni òun ṣe wá. Ní oṣù Kejìlá 2020, líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n NBA bu 25,000 dọ́là fún Kyrie Irving lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn olówó ńlá nìyẹn, nínú líìgì tó ní òfin tirẹ̀. Ẹ má fi wọ́n wọn àbúrò yín.

Mo fẹ́ sọ ti àwọn oníròyìn náà pẹ̀lú, torí mi ò gbà pé ọ̀tá ni wọ́n. Nígbà ọ̀rọ̀ Osaka, Billie Jean King, tó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin onítẹ́níìsì sílẹ̀ ní 1973, sọ pé ọ̀rọ̀ náà mú òun lọ́kàn sí méjì, nítorí láyé tàwọn, bí kì í bá ṣe àwọn oníròyìn ni, kò sẹ́ni tí ì bá mọ àwọn tàbí ohun tí àwọn ń rò. Òótọ́ ni. Oníròyìn ló máa ń tú àṣírí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń fìyà jẹ ọmọdé, òun ló ń béèrè owó tí wọ́n kó jẹ. Nítorí náà, kò yẹ kí á wá bí àbúrò yín ṣe máa sá fún wọn títí ayé. Bí ó ṣe máa dúró níwájú wọn tí inú rẹ̀ ò ní dà rú ni kí á wá. Bí kò bá sì tíì lè dúró, kí á jẹ́ kó sinmi ná.

Ìbéèrè kejì yín ló wà lọ́wọ́ iṣẹ́ mi gan-an. Ṣé ojú ló ń tì í, àbí àìsàn ni?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣe ara rẹ̀. Bí ẹ̀dá bá rí ewu, ara á da omi kan sínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní adrenaline. Àyà á máa lù kìkì, ẹnu á gbẹ, inú á máa dà rú. Ohun kan náà ló ń jẹ́ kó lè sáré gba ọ̀tún lọ gbá góòlù. Nígbà tí fèrè ìparí bá dún, omi yẹn kì í lọ lójú ẹsẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n sì ń gbé máìkì wá. Ojú èrò tó ń wò ó àti èdè tí kì í ṣe tirẹ̀ á wá di ewu tuntun fún ara tí kò tíì balẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọpọlọ rẹ̀ ti kọ́ pé ibi máìkì ni ìyà wà. Ìdí tó fi ń bì kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nígbà tí kò tíì sí oníròyìn kankan níwájú rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ojo.

Bó bá jẹ́ pé ìpayà yìí nìkan ni, ẹ máa rí i pé lọ́jọ́ tí kò sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń jẹun, oorun ń kùn ún, ó ń gbádùn ìgbáradì pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ní ibi kan pàtó tó dúró sí. Ìsoríkọ́ yàtọ̀. Kì í dúró sójú kan. Bí ó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí inú rẹ̀ bàjẹ́ lọ́pọ̀ jù nínú ọjọ́, tí ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ ò dùn mọ́ ọn mọ́, títí kan bọ́ọ̀lù. Tó ń jí ní òru tí kò lè padà sùn. Tí oúnjẹ ò wù ú. Tó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi lórí gbogbo nǹkan. Tó ń dá wà. Tó bẹ̀rẹ̀ sí í mutí tàbí ta tẹ́tẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá, ọ̀rọ̀ ti kọjá ti máìkì.

Ẹ má sì jẹ́ kí góòlù tó ń gbá tàn yín jẹ. Osaka sọ pé 2018 ni ìsoríkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá òun fínra, bẹ́ẹ̀ ìdíje ńlá mẹ́ta ló gbà láàárín ìgbà yẹn sí ọjọ́ tó yọwọ́ ní Paris. Kevin Love, agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Cleveland, wà lórí pápá níwájú èrò ní oṣù Kọkànlá 2017 nígbà tí ìpayà òjijì mú un débi pé ó sá kúrò nínú ìdíje. Kò sọ ọ́ síta títí di oṣù Kẹta 2018, lẹ́yìn tí DeMar DeRozan, agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n bíi tirẹ̀, náà ti jẹ́wọ́ pé ìsoríkọ́ ń ṣe òun. Ní 2019, NBA fi dandan lé e pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní onímọ̀ ìlera ọpọlọ. Àwọn ọkùnrin tí gbogbo ayé ń pè ní alágbára nìyẹn.

Ọ̀nà tí dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ lè fi yẹ̀ ẹ́ wò wà nílẹ̀. Ìgbìmọ̀ Olympic Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde fún àwọn dókítà eré ìdárayá, fún eléré tó ti pé ọdún 16 sókè. Ìbéèrè mẹ́wàá ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí èsì rẹ̀ bá fi hàn pé nǹkan ń ṣe é, wọ́n á tẹ̀ síwájú sí ti oorun, ti ìsoríkọ́, ti àìbalẹ̀ ọkàn, ti ọtí. Kó ní kí wọ́n ṣe é fún òun.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìyàtọ̀ méjèèjì ni pé ìtọ́jú wọn kò jọra. Bó bá jẹ́ ìsoríkọ́, mo fara mọ́ ọn pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò níwájú oníròyìn pátápátá títí ìtọ́jú á fi mú. Ẹni tó fọ́ lẹ́sẹ̀, a kì í ní kó sáré kó lè san. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìpayà máìkì nìkan, sísá títí lọ á dá kún un ni. Gbogbo ìgbà tó bá yẹra tí ara sì tù ú, ọpọlọ rẹ̀ á gbà pé yíyẹra ló gba òun là, ẹ̀rù tó ń bọ̀ á sì tún ga ju ti àná. Díẹ̀díẹ̀ ni kó máa padà síbẹ̀. Kó kọ́kọ́ bá ẹni tó ń ya fídíò fún kílọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, níbi tí wọ́n ti lè pa á rẹ́ kí wọ́n tún un yà. Lẹ́yìn ìyẹn, kó bá oníròyìn kan ṣoṣo tó mọ̀ sọ̀rọ̀, láàárín ọ̀sẹ̀. Tó bá yá, lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n borí. Ìgbà tó bá ti mọ́ ọn lára ni kí wọ́n tó mú un lọ síbi tí wọ́n ti pàdánù.

Àwọn ohun kan wà tó lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ oníròyìn ní kílọ́ọ̀bù, kò sì sí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn: kí wọ́n jẹ́ kó wẹ̀ kó sì mu omi kó tó jáde, kí ẹnì kan láti kílọ́ọ̀bù dúró tì í, kó sì dá ọ̀rọ̀ dúró bí ìbéèrè bá ti di ìwọ̀sí, kí wọ́n dín iye ìbéèrè kù. Ní oṣù Kẹjọ 2021, ní ìdíje Cincinnati, omijé bọ́ lójú Osaka níwájú àwọn oníròyìn. Wọ́n dá a dúró, ó jáde fún ìgbà díẹ̀, ó padà wọlé, ó sì dáhùn èyí tó kù. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn tí mò ń tọ́jú torí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé èèyàn lè jáde kó tún padà wọlé.

Ti èdè ńkọ́? Èyí ló dùn mí jù nínú lẹ́tà yín. Marcelo Bielsa, ọmọ ilẹ̀ Argentina, kọ́ Leeds United ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní bọ́ọ̀lù láti 2018 di 2022, ògbufọ̀ ló sì fi ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀. Ìlú yẹn fẹ́ràn rẹ̀ dé góńgó. Ọmọ ará Argentina lè sọ èdè tirẹ̀ kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀, àmọ́ bí ọmọ tiwa bá ṣi gírámà sọ, àwa ara wa ni a kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Kó béèrè bóyá òun lè kọ èsì sílẹ̀ kí kílọ́ọ̀bù fi í síta, tàbí kí wọ́n fún òun ní ìbéèrè ṣáájú. Kó sì há gbólóhùn kúkúrú mélòó kan sórí: “Ó dùn wá, a máa tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.” “Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn lónìí.” “Akọ́nimọ̀ọ́gbá ló lè dáhùn ìyẹn.” Ẹnu àìmẹ́nu ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, àwọn àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí òfin tó ní kí èsì gùn. Ẹ̀yin gan-an lè jẹ́ oníròyìn fún un lórí fóònù: ẹ kọ́kọ́ bi í ní Yorùbá, kó fèsì, kó tó wá sọ ọ́ ní èdè òyìnbó. Kí ó tó dá yín lóhùn, kó mí sínú, kó sì mí síta pẹ́ ju bó ṣe mí sínú lọ, bí ìgbà mélòó kan. Ìyẹn ló ń sọ fún ara pé ewu ti lọ.

Ọ̀rọ̀ oògùn ńkọ́? Mo mọ̀ pé àwọn kan máa gbà á nímọ̀ràn kó lo propranolol, oògùn àyà tó máa ń dá ìgbọ̀nrìrì dúró. Kó má fọwọ́ ara rẹ̀ rà á. Ó léwu fún ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀fúùfù (asthma), ó sì máa ń fa ìlù àyà sẹ́yìn, èyí tí kò dára fún ẹni tó ń sáré fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Àjọ tó ń gbógun ti oògùn tí kò tọ́ nínú eré ìdárayá, WADA, fòfin dè é fáwọn tafàtafà àti àwọn tó ń yìnbọn, kò dè é fún bọ́ọ̀lù, síbẹ̀ dókítà ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Àwọn oògùn ìsoríkọ́ tí dókítà sábà máa ń kọ, irú èyí tí wọ́n ń pè ní SSRI, kò sí lára àwọn tí wọ́n fòfin dè. Bí wọ́n bá kọ ọ́ fún un, kó lò ó láìbẹ̀rù, kó má sì ṣàdédé dá a dúró. Tramadol, oògùn ìrora, ńkọ́? WADA ti fòfin dè é lásìkò ìdíje láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2024. Igbó náà, èèwọ̀ ni lásìkò ìdíje.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Màmá kí wọ́n má fi àgbo ránṣẹ́. Mi ò bú àgbo o. Lábẹ́ òfin WADA, eléré ìdárayá ló máa jẹ́jọ́ ohunkóhun tí wọ́n bá bá nínú ara rẹ̀, ì báà jẹ́ ìyá rẹ̀ ló fún un, ì báà má mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àgbo tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ gbogbo ohun tí wọ́n sè mọ́ ọn lè fòpin sí iṣẹ́ ọmọ yín. Àdúrà wọn, kí wọ́n máa gbà á lọ. Kí wọ́n pè é kí ó gbọ́ ohùn wọn nígbà tí wọ́n bá ń gbàdúrà. Àmọ́ kí wọ́n má sọ fún un pé ọ̀tá kan nílé ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, torí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìbẹ̀rù mìíràn ni ẹ ń gbé kà á láyà yẹn.

Ohun tí ilé lè ṣe jùlọ ni ti fóònù. Ẹ ní kí gbogbo ẹbí yé fi fídíò àti ọ̀rọ̀ èébú ránṣẹ́ sí i, pẹ̀lú “Ṣé o ti rí ohun tí wọ́n ń sọ?” Nígbà tí Nàìjíríà pàdánù àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà sọ́wọ́ Côte d'Ivoire ní oṣù Kejì 2024, èébú tí àwọn èèyàn wa rọ́ lu Alex Iwobi lórí ayélujára pọ̀ débi tó fi yọ àwọn àwòrán rẹ̀ kúrò lórí Instagram. Ahmed Musa tó jẹ́ balógun ẹgbẹ́ nígbà yẹn ló jáde wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Àwa ọmọ Nàìjíríà la ṣe ìyẹn sí ọmọ wa. Kí àbúrò yín fún ẹnì kan tó fọkàn tán ní ojú ìwé rẹ̀ láti máa bójú tó, kó sì pa fóònù tì láti alẹ́ tó ṣáájú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ títí di ọjọ́ kejì rẹ̀. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá pè é lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ẹ bi í bóyá ó ti jẹun. Ẹ má bi í ní ìdí tí kò fi gbá a sílé.

Bó bá sọ pé òun ì bá kú sàn jù, tàbí pé kò sẹ́ni tó máa wá òun bí òun ò bá sí mọ́, ẹ má gbà á sí àwàdà. Ẹ bi í tààrà bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀; bíbéèrè kì í ti èèyàn síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dá wà, ẹ wá ẹni tó sún mọ́ ọn níbẹ̀ kó lọ jókòó tì í, kí wọ́n sì pe 112, nọ́mbà ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì fún Bẹ́ljíọ̀m àti gbogbo ilẹ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù.

Ó ku ti éjẹ́ǹtì. Kí àbúrò yín tó sọ tinú rẹ̀ fún dókítà ẹgbẹ́, kó bi dókítà náà lójú ara rẹ̀ pé èwo nínú ohun tí òun bá sọ ló máa dé etí akọ́nimọ̀ọ́gbá, èwo ni kò ní dé ibẹ̀. Kílọ́ọ̀bù ló ń sanwó fún dókítà yẹn, ẹ̀tọ́ àbúrò yín ni kó béèrè. Bí èsì rẹ̀ ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó ní òun fẹ́ rí onímọ̀ ìlera ọpọlọ tó wà níta kílọ́ọ̀bù. Ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù tún wà ní Bẹ́ljíọ̀m, FIFPRO sì ni àpapọ̀ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lágbàáyé. Wọ́n lè bá a ka ìwé àdéhùn rẹ̀ kí wọ́n sọ ohun tí kílọ́ọ̀bù lè fi dandan mú un ṣe àti ohun tí wọn ò lè fi mú un. Kó gba ìwé láti ọ̀dọ̀ dókítà, kó tọ́jú ẹ̀dà kan sọ́wọ́, kó tó jókòó pẹ̀lú éjẹ́ǹtì. Bí éjẹ́ǹtì náà bá ṣì ní kó dákẹ́ lẹ́yìn tó bá ti rí ìwé yẹn, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù bá a sọ̀rọ̀ dípò yín.